Ọmọ ti kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ibo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ àbúrò mi ni, ọmọ ọdún 15, wọ́n mú un pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn nítorí fóònù tí wọ́n jí ní Táńkè, nílùú Ìlọrin níbí. Kọ́ọ̀tù ti dá a padà fún wa, ó kàn gbọ́dọ̀ máa lọ fojú hàn ní ọ́fíìsì wẹ́fíà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ní Adéwọlé ló wà. Ìyá ẹ̀ ti kó lọ sí Òmù-Àrán lésìí, bàbá ẹ̀ ń wa tírélà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà. Bàbá yìí ní àfi kóun mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń so ọmọ mọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ̀, kí wọ́n nà án kó gbọ́n. Èmi ti bá a sọ̀rọ̀ títí, ó kàn ń mirí ni.

Ìdáhùn: Àlàájà, ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ wẹ́fíà lèmi náà ń ṣe, ohun tí mo sì kọ́kọ́ rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ọmọ yẹn nìkan ni gbogbo yín kọjú sí, bàbá fẹ́ nà án, ẹ̀yin ń gbà á níyànjú, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè pé tí wọ́n bá ti jáde níléèwé títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ibo ló máa ń wà, ta ló ń fún un lówó, ta ló máa mọ̀ tí ò bá sí níkàlẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Urie Bronfenbrenner, Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1917, Amẹ́ríkà ló dàgbà sí, 1979 ló tẹ àlàyé kan jáde lórí bí àwọn èèyàn àti ibi tó yí ọmọ ká ṣe ń tọ́ ọ dàgbà, tí àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ọmọ ṣì ń lò dòní. Òun fi bèbí onígi ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí wọ́n ń kó sínú ara wọn ṣàpèjúwe ẹ̀, èmi máa ń ní kí wọ́n wo àwọn tó ń ta ìkòkò ní Ọjà Ọba, bí wọ́n ṣe ń kó kékeré sínú ńlá. Ọmọ ló wà láàárín pátápátá. Èyí tó yí i ká tímọ́tímọ́ ni ilé, kíláàsì, ilé kéwú, ọ̀rẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni bí àwọn wọ̀nyẹn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, abí bí wọn ò ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn ibi tí ọmọ ò dé rí àmọ́ tí wàhálà ibẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, bí iṣẹ́ tírélà yẹn. Lóde pátápátá ni òfin àti ohun táráàdúgbò ń sọ nípa ọmọ tí ọlọ́pàá bá ti mú. Ó wá fi ti àsìkò kún un lẹ́yìn, ìyẹn ìgbà tí nǹkan yí padà láyé ọmọ.

Ìkejì yẹn, bí àwọn tó yí ọmọ ká ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, gan-an ni mo fẹ́ ká dúró lé. Mo bá ọmọ kan ṣiṣẹ́ rí, ìyá ẹ̀ rò pé ó ń lọ siléèwé, tíṣà rò pé wọ́n ti mú un lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀gá mẹkáníìkì rò pé Sátidé nìkan ló yẹ kó máa wá, oṣù mẹ́ta gbáko lọmọ fi ń jókòó ní gáréèjì, kò sì sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà ẹnìkejì ni. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan pankẹ́rẹ́, ẹ lọ bá tíṣà ẹ̀, ẹ lọ bá áfáà tó ń kọ́ ọ ní kéwú, ẹ gba nọ́ńbà wọn, ẹ fún wọn ní tiyín, kí wọ́n máa pè yín tó bá ṣe dáadáa náà, kì í ṣe ìgbà tó bá jà nìkan (lọ́dọ̀ wa, tíléèwé bá ti pe òbí, àyà á kọ́kọ́ já). Ọ́fíìsà wẹ́fíà náà, ẹ ní kó wá wo ilé, kó má kàn jẹ́ pé ẹ̀ ń lọ buwọ́ lùwé tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Scott Henggeler àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ lórí èrò yìí, òṣìṣẹ́ á máa wá bá ẹbí nílé fún oṣù 3 sí 5, ìdílé 4 sí 6 péré ló ń mú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì lè pè é tọ̀sán-tòru. Fáìlì tó wà lórí tábìlì tèmi ju ìyẹn lọ dáadáa, ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ẹbí lẹ máa ṣe èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀.

Ti ṣẹkẹṣẹkẹ̀, rárá o. Nínú Child Rights Act ti 2003, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ilẹ̀ Nàìjíríà, tí Kwara náà ti sọ di òfin tiẹ̀, ẹni tí ò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, kọ́ọ̀tù gan-an ò gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n nà án tàbí kí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n. Ohun tí adájọ́ ò lè ṣe, ṣé dírẹ́bà ló fẹ́ ṣe é? Kí bàbá fi àkókò kan sí i lálaalẹ́, kó máa pe ọmọ yẹn fúnra ẹ̀ látojú ọ̀nà, kì í ṣe kó máa bi yín pé ṣé ó ti tún jalè.

Tẹ́ ẹ bá sì ní kó má bá àwọn ọ̀rẹ́ yẹn rìn mọ́, ẹ wá nǹkan fi dí ìrọ̀lẹ́ ẹ̀, bọ́ọ̀lù ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹ tún ronú padà, ṣáájú kí ìyá ẹ̀ tó lọ ló ti yí padà abí lẹ́yìn ẹ̀? Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ni, ẹ pe Òmù-Àrán, bàbá ẹ̀ fẹ́, bàbá ẹ̀ kọ̀.

Lọ́jọ́ tó bá tún máa lọ fojú hàn, ẹ bi í lójú ọ́fíìsà pé ta ló fẹ́ kí wọ́n pè sọ́rọ̀ yìí. Tó bá dárúkọ ẹni tẹ́ ò lérò, kódà kó jẹ́ ọlọ́kadà kan ní Sáńgò, ẹ má yínmú, ẹ gba nọ́ńbà ẹni náà.