Ẹ Bi Wá: Àyẹ̀wò Ikọ́ Ife Tí Kò Sí Nínú Ẹ̀dọ̀fóró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kókó yọ sí ọrùn ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 19, ó ti lé ní oṣù méjì. Kò dùn ún, kò sì wúkọ́. Ó ti lo oògùn apakòkòrò, kókó kò lọ. Dókítà fẹ́ gé díẹ̀ lára rẹ̀ láti fi wo ikọ́ ife. Ṣé ẹni tí kò wúkọ́ lè ní in? Ṣé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò tó ni? — Ìyá ọlọ́mọ, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ó lè ní in, ìyá wa. Kòkòrò ikọ́ ife a máa kúrò ní ẹ̀dọ̀fóró lọ fara pamọ́ sí kókó ọrùn, eegun ẹ̀yìn, tàbí awọ tó bo ọpọlọ. Ibi tí àrùn bá wà ni wọ́n ti ń mú ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò.

Ẹ̀rọ GeneXpert ni wọ́n sábà máa ń lò. DNA kòkòrò náà, ìyẹn ohun inú rẹ̀ tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, ló ń wá, ó sì ń sọ bóyá rifampicin, ọ̀kan pàtàkì lára oògùn ikọ́ ife, ṣì ń pa á. Láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, èsì ti jáde. Gbígbin kòkòrò náà ní láàbù lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láti 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí GeneXpert fún kókó ọrùn àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn.

Inú ìgò tí wọ́n kó ẹran náà sí ní tíátà ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Ó ti mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lára láti da gbogbo rẹ̀ sínú fọ́málìn, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó máa fi maikirosíkópù wò ó ṣe ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n fọ́málìn ń já DNA sí wẹ́wẹ́, ó sì ń pa kòkòrò náà, kò ní lè hù mọ́. Kí wọ́n pín in sí méjì: apá kan sínú fọ́málìn, apá kejì sínú ìgò mímọ́ tó ní sálínì (omi oníyọ̀) díẹ̀ kó má bàa gbẹ, kó sì dé láàbù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ bi dókítà ṣáájú pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìgò méjì lẹ máa lò?" Kì í ṣe àfojúdi rárá.

Ní láàbù, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ omi bọ́fà mìlílítà 2. Wọ́n á fa mìlílítà 0.7 lára rẹ̀, wọ́n á fi mìlílítà 1.4 kẹ́míkà ẹ̀rọ náà sí i, wọ́n á mì í dáadáa. Ó di ìṣẹ́jú 10, wọ́n á tún mì í, ó tún di ìṣẹ́jú 5, kí mìlílítà 2 tó wọ káátíríìjì, ike kékeré tí wọ́n ń ki bọ ẹ̀rọ náà. Ègé ẹran kò gbọ́dọ̀ bá a wọlé, ó lè dí i, ẹ̀rọ á sì kọ "error". Error kò túmọ̀ sí pé àrùn kò sí. Àyẹ̀wò náà ni wọ́n máa tún ṣe. Bó bá sì jẹ́ "trace" ni wọ́n kọ, kòkòrò náà wà, ó kàn kéré ni. Lára kókó, ìyẹn tó láti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kò ní lè sọ ti rifampicin.

Ìbéèrè: Wọ́n fa omi ní àyà àbúrò mi, GeneXpert ní kò sí ikọ́ ife, síbẹ̀ dókítà fún un ní oògùn rẹ̀. Ṣé kò ṣì í báyìí? — Ẹ̀gbọ́n, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó tọ̀nà. Kòkòrò náà kì í pọ̀ nínú omi àyà. Bí ara ṣe ń bá a jà ló mú omi jọ. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní in ni ẹ̀rọ yìí lè rí níbẹ̀. "Kò sí" lórí omi àyà kò dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ bi dókítà ohun mìíràn tó rí tó fi pinnu bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti lo oògùn oṣù mẹ́fà pé fún kókó ọrùn. Ṣé kí n tún GeneXpert ṣe? — Ìbàdàn

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ̀rọ náà kò mọ òkú kòkòrò yàtọ̀ sí alààyè, ó lè rí DNA èyí tó ti kú. Ìwọ̀n ara yín, ibà, òógùn òru àti bí kókó náà ṣe tóbi tó ni kí dókítà máa wò. Kókó mìíràn máa ń wú díẹ̀ lákòókò ìtọ́jú láìjẹ́ pé oògùn kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ń tóbi lẹ́yìn tí ẹ parí oògùn, ẹ padà lọ kí wọ́n tún mú lára rẹ̀, kí wọ́n sì gbin kòkòrò náà wò.