Ìmúrasílẹ̀ wo ló yẹ kí èèyàn ṣe kó tó lọ fi síkì tàbí snowboard (pátákó tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín) sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tó dà gẹ̀rẹ́ nígbà ìrúwé?

Àkókò ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò, kódà ṣáájú irinṣẹ́. Nígbà ìrúwé, yìnyín orí òkè máa ń dì gbagidi lóru, oòrùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ láàárọ̀. Nítorí náà, ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì ti kúrò níbẹ̀ kó tó rọ̀ débi tí ẹsẹ̀ yín á fi máa rì sínú rẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run mọ́jú, yìnyín náà lè má dì dáadáa, ó sì sàn kí ẹ sún ìrìn àjò náà sí ọjọ́ mìíràn.

Ibi tó dà tó dígírì 30 sí 45 ni yìnyín ti sábà máa ń ya lulẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀rọ tó ń tọ́ka sí ẹni tí yìnyín bò, ọ̀pá gígùn tí a fi ń wá a, àti ṣọ́bìrì, kí ẹ sì ti fi wọ́n dánra wò, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló máa ń wà láti gba ẹ̀mí là. Fún ìgòkè, ẹ mú irin eléyín tí a ń dè mọ́ bàtà.