Omi inú courgette ni kí o kọ́kọ́ bá jà

Àbúrò mi, o ní courgette 16, èso tútù tó jọ kùkúńbà yẹn, ló wà nínú fíríìjì rẹ, 8 mìíràn tún wà nílẹ̀ ilé ìdáná, àwọn tó wà lóko ò sì dáwọ́ dúró, àwọn kan tilẹ̀ ti gùn bí apá. O ní ọkọ rẹ ti sọ pé òun ò fẹ́ rí i nínú abọ́ mọ́. O wá béèrè ohun tí o lè fi wọ́n ṣe kí wọ́n tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gidi, torí ibi tí o wà yẹn, mo ti wà níbẹ̀ rí.

Ọdún 2015 ni káńsù yá mi ní ilẹ̀ oko kékeré kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Hóró courgette 6 ni mo gbìn, gbogbo wọn hù, ọwọ́ mi ò sì gbé e láti fa ohun tó hù dáadáa tu. Èèyàn mẹ́ta péré la wà nílé. Nígbà tí oṣù keje fi máa dé ìdajì, bí mo bá ká mẹ́wàá lónìí, mẹ́wàá mìíràn á ti máa dúró dè mí lọ́túnla. Mo gé wọn wẹ́wẹ́ ní tútù, mo dì wọ́n sínú ọ̀rá, mo kó wọn sí fírísà, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí mo yọ wọ́n lóṣù kọkànlá, wọ́n ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Mo da ọ̀rá kan sínú ọbẹ̀ ata tí mo ti dín gbẹ, ọbẹ̀ náà bá ń ṣàn bí omi ìfọwọ́. Ọ̀rá 11 ni mo dà nù lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mí wọra, torí èmi ni mo ń pọnmi lọ bomi rin wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Bíi 95 nínú ìdá 100 courgette, omi ni. Ìyẹn ni ọ̀tá rẹ. Bí o bá ti yọ omi yẹn, kò sí oúnjẹ wa tí kò ní gbà á.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń rin ín tèèpo tèèpo bí ẹni ń rin ilá. Tó bá jẹ́ kílò 1, mo máa bu ṣíbí ìmutíì 1 iyọ̀ sí i, màá pò ó, màá fi í sílẹ̀ nínú asẹ́ fún ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà, màá dà á sínú aṣọ tí mo fi ń sẹ́ ògì, màá lọ́ ọ, màá sì fún un títí apá á fi máa ro mí. Ohun tó máa ń kù kì í sábà ju ìdajì lọ. Má da omi tó jáde nù, fi se ìrẹsì, ṣùgbọ́n tọ́ ọ wò kí o tó fi iyọ̀ mìíràn sí i.

Àkàrà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ọkọ rẹ. Ẹ̀wà lílọ̀ tó ki, ife 2, courgette fífún, ife 1, àlùbọ́sà àti ata rodo. Kọ́kọ́ po ẹ̀wà náà nìkan títí á fi wú. Ìgbà tí epo bá ti gbóná tán ni kí o tó da courgette sí i, torí iyọ̀ ara rẹ̀ ṣì ń fa omi jáde, bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀, àkàrà á fọ́ ká nínú epo. Ti mọ́ínmọ́ín yàtọ̀: má fún tibẹ̀ rárá. Rin ín ní tútù, kí omi inú rẹ̀ dípò díẹ̀ lára omi tí o máa fi lọ ẹ̀wà.

Ọbẹ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Epo pupa, àlùbọ́sà, irú, ata tí omi rẹ̀ ti gbẹ, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́. Courgette fífún ni màá dà sí i kẹ́yìn, ìṣẹ́jú 3 péré, mo ti sọ̀ ọ́. Kì í ṣe ṣọkọ, mi ò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ó bá iyán lọ dáadáa. Nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ó tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ̀lẹ́bí kan náà ṣáà ni ẹ̀gúsí, elégédé àti courgette.

Nǹkan tó tún gbà mí ni ohun tí ìyá ìyá mi máa ń fi ilá ṣe. Bí ilá bá ti pọ̀ lápọ̀jù lóko, wọn á rẹ́ ẹ, wọn á sá a, ó di orúnlá tí a ó máa jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo sá courgette síta níbí, ọjọ́ kẹta ló bu. Oòrùn ilẹ̀ yìí ò ṣeé gbójú lé. Oven ni mo ń lò báyìí: mo rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, mo tẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi iná sí 60°C, mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kí ooru omi lè jáde, títí á fi máa dá pẹ́kí bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ó lè gbà tó wákàtí 8. Inú ìgò tó dé pinpin ni mo ń kó o sí. Kì í yọ̀ bí orúnlá, ṣùgbọ́n ó ń mú ọbẹ̀ ki.

Èyí tó bá máa wọ fírísà, fún un kí o tó dì í, kí o sì tẹ ọ̀rá náà pẹlẹbẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, nígbà tí òtútù àti òjò ba oko jẹ́ ní Sípéènì, courgette wọ́n gógó ní ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tèmi kún fírísà. Inú mi dùn débi pé mo se ẹ̀gúsí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn.

Má rẹ ẹ́ sínú òróró kí o wá gbé e sórí pẹpẹ ilé ìdáná. Kòkòrò kan wà tó ń pèsè májèlé níbi tí atẹ́gùn ò dé, kì í sì í rùn kí o tó jẹ ẹ́. Bí o bá fẹ́ fi í sínú ìgò, fínígà ni kí o lò, kí o sì tẹ̀ lé ìwọ̀n tó wà nínú ìlànà tó ṣeé gbára lé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ jù lọ rèé. Bí courgette bá korò, tu ú dànù. Àwa Yorùbá ti mọ́ ewúro lára, a gbà pé ohun tó bá korò á fọ inú, èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ojú yẹn wo ọ̀kan rí. Ti courgette kì í ṣe egbòogi, májèlé ni, sísè kò sì pa á. Ní ọdún 2015, ní Heidenheim ní Jámánì, bàbá ẹni ọdún 79 kan kú lẹ́yìn tó jẹ courgette kíkorò tí aládùúgbò gbìn. Ìyẹn ni mi ò fi ń gbin hóró tí mo bá yọ fúnra mi. Oyin lè ti gbé àtọ̀ òdòdó elégédé ẹ̀ṣọ́ wá láti oko ẹlòmíràn, wàá sì fọwọ́ ara rẹ gbin èyí tó korò. Máa fi ahọ́n kan ègé kékeré kan kí o tó gé ìyókù.

Nípa àwọn tó gùn bí apá yẹn, mo bá irú wọn lóko nígbà tí mo padà dé láti ìsìnkú tí mo lọ ṣe nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì ní 2016. Bó èèpo wọn, ha inú rírọ̀ àti hóró kúrò, gé e bí ẹni gé iṣu àsáró. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ rìnrìn àjò, gbogbo rẹ̀ ni mo ń ká, títí kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Bí kò bá sì sí ìrìn àjò, mo ń ká wọn bí wọ́n bá ti gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Lọ́dún tó ń bọ̀, igi 2 ti tó yín.

Ní alẹ́ òní, èyí tó wà nílẹ̀ ilé ìdáná ni kí o rin. Èyí tó wà nínú fíríìjì ṣì lè dúró di Sátidé.