Ẹ má tíì fọ́ ògiri: omi fúnra rẹ̀ á sọ ibi tó ń gbà

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, omi tó ń jò níbi tí ojú kò tó ni gbogbo wọn dá lé lórí. Ọdún 27 rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà ní Àkúrẹ́, ohun tó sì ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni ilé tí wọ́n fọ́ lásán. Lẹ́tà màmá ni mo fi ṣáájú, òun ni mo sì máa bá sọ̀rọ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, púlọ́ńbà wa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ọ̀dọ̀ mi sì ni ọmọ-ọmọ mi méjì ń gbé. Táńkì oní 1,000 lítà tó máa ń tó wa lò fún ọjọ́ mẹ́ta ti ń tán ní ọjọ́ méjì báyìí. Súmò tó ń fa omi láti bọ́họ̀lù kò sinmi, káàdì iná tí mo bá rà kì í pẹ́ mọ́. Ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀yìn ti balùwẹ̀ ń wú, kùn ara rẹ̀ ń ṣí. Ọkùnrin tí wọ́n mú wá wò ó ní ká hú gbogbo táìsì balùwẹ̀. Ẹ̀rù owó rẹ̀ ń bà mí. Kí ni kí n ṣe? — Màmá kan, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú wàhálà omi. Ẹ sọ fún ọkùnrin náà pé kó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí omi ń gbà, tó ti ní ká hú táìsì, àbá ló ń dá, owó yín ló sì fi ń dá a.

Ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ ti ràn wá lọ́wọ́. 1,000 lítà fún ọjọ́ mẹ́ta, bíi 333 lójúmọ́ nìyẹn. Tó bá ń tán ní ọjọ́ méjì, ó ti di 500. Lítà bíi 167 ló ń lọ lójúmọ́ láìsí ẹni tó bù ú, ó lé ní kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká bi táńkì léèrè bóyá òótọ́ ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ fa omi sí táńkì ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kún dé ọrùn, nítorí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín ju ikùn lọ, ìṣirò á dàrú. Ẹ pa súmò, ẹ ti gbogbo táàpù, kí ẹ sì bu omi tí ẹ máa lò lóru sínú báàfù, kí ẹnikẹ́ni má fa omi WC títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní aago 10 alẹ́, kí géńdé kan tí ẹ gbọ́kàn lé gun òkè, ẹ̀yin kọ́ o, kó fi téèpù wọn láti ẹnu táńkì dé ojú omi, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó tún wọ̀n ọ́n ní aago 5 ìdájí. Táńkì 1,000 lítà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ikùn rẹ̀ máa ń fẹ̀ tó bíi 110 sẹ̀ǹtímítà láti etí kan dé èkejì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 1 tí omi fi relẹ̀ nínú rẹ̀, lítà 9 àti ààbọ̀ ló lọ. Pẹ̀lú ìṣirò tiyín, á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 relẹ̀ láàárín wákàtí 7 yẹn. Bí kò bá relẹ̀ rárá, ẹ má bá ògiri jà, ẹ pe àwọn ọmọ kí ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń wẹ̀.

Tó bá relẹ̀, ẹ tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kí ẹ yí fáàfù abẹ́ táńkì pa. Bó bá ṣì ń relẹ̀, ara táńkì ló ti ń jò, tàbí fáàfù yẹn ni kò pa dáadáa, tàbí kẹ̀, bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ táńkì ni páìpù súmò gbà wọlé, omi lè máa padà sí bọ́họ̀lù yín. Bó bá dúró gbọn-in, inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí ẹ tó fura sí ògiri, ẹ kọ́kọ́ fura sí WC. Ẹ bu búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun díẹ̀ sínú táńkì ẹ̀yìn WC, ẹ po ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìfa omi. Bí omi inú àwo ìsàlẹ̀ bá di búlúù, rọ́bà tó dí ìdí táńkì yẹn ti gbó. Ohun tí kò wọ́n ni, wọ́n ń tà á ní Ọjà Ọba. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ná owó ńlá lórí ògiri kí ẹnì kan tó rántí wo WC.

Ṣùgbọ́n kùn tó ń wú lọ́dẹ̀dẹ̀ yín kì í ṣe iṣẹ́ WC nìkan. Bí fáàfù balùwẹ̀ bá dá wà, tí ti ilé ìdáná sì dá wà, ẹ ti ọ̀kan lóru òní, ẹ ti èkejì lóru ọ̀la. Alẹ́ tí omi táńkì kò bá relẹ̀, fáàfù tí ẹ tì lálẹ́ yẹn ló ń bọ́ ibi tó ń jò.

Lẹ́yìn ìyẹn, etí ló kù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ní ẹ̀rọ kankan ju súkùdíráfà gígùn kan lọ. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó mú mi lọ sí ilé kan lójú ọ̀nà Ìjọ̀kà ní aago 2 òru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́. Pálọ̀ ni ilẹ̀ ti ń rin, ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn sì fẹ́ fọ́. Ọ̀gá mi kò wo pálọ̀ rárá. Ó fi ẹnu súkùdíráfà lé orí táàpù kan, ó fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, ó dijú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ láti táàpù dé táàpù. Nígbà tó dé ti ilé ìdáná, ó fà mí mọ́ra, ó gbé e sí ẹ̀yìn etí tèmi. Mo gbọ́ ọ: ṣììììì, bí ìgbà tí ènìyàn ń da iyanrìn gbígbẹ sórí páànù, láìdáwọ́ dúró. Táìsì kan ṣoṣo la hú, lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, ó jìnnà sí ibi tí ilẹ̀ ti ń rin tó bíi mítà mẹ́ta. Omi ti gba abẹ́ táìsì ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ló ti yọjú.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí páìpù yẹn. Ẹnu rẹ̀ ti pọ́n bí iṣu tí wọ́n sun, ó fẹ́lẹ́ bí èékánná, omi sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ yọ tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ. Iná ni wọ́n fi yọ́ ọ. Ẹni tó ṣe é kò fẹ́ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi ń so páìpù méjì pọ̀, ó fi iná fẹ ẹnu páìpù kan, ó ki òmíràn bọ inú rẹ̀, ó sì da sìmẹ́ǹtì bò ó. Mo bẹ gbogbo ẹ̀yin tó ń kọ́lé lọ́wọ́: bí ẹ bá rí púlọ́ńbà tó ń yáná sí páìpù lórí iṣẹ́ yín, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ibi tí iná ti fà á ti fẹ́lẹ́, kò lè gba agbára omi fún ìgbà pípẹ́. Kí wọ́n sì tó lẹ táìsì, ẹ ní kí wọ́n dí gbogbo ẹnu páìpù, kí wọ́n ti omi sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán ògiri kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú téèpù tí a tẹ́ sí i. Àwòrán yẹn ni ọmọ yín máa fi mọ ibi tí yóò kàn lẹ́yìn ogún ọdún.

Màmá, tí ẹ bá ti mọ ibi tó ń jò, ẹ jẹ́ kí a pa iná ògiri yẹn láti ojú mítà kí ẹnikẹ́ni tó fi irin kàn án, pàápàá bí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná bá wà níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé inú ògiri balùwẹ̀ ni páìpù tó bàjẹ́ wà, ìmọ̀ràn mi gan-an ni pé kí a má fọ́ nǹkan kan. Kí a dí páìpù àtijọ́ lójú méjèèjì, kí a fa tuntun gba ara ògiri ìta wọlé. Kò ní fani mọ́ra bíi ti inú ògiri, ṣùgbọ́n táìsì yín á wà bó ṣe wà, tó bá sì tún jò, ojú gbogbo wa ni yóò rí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA ni mí, mo gba yàrá kan nítòsí South Gate. Ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì mi tutù, ìwé mi ti bu. Lándílọ́ọ̀dù ní òjò ni, pé yóò gbẹ. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá páìpù ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kọ́kọ́ fa bẹ́ẹ̀dì rẹ kúrò lára ògiri yẹn lónìí. Lẹ́yìn náà, mú pẹ́ńsùlù, fa ìlà yí etí ibi tó tutù ká, kí o sì kọ déètì sí i. Máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Omi tó ń ti ilẹ̀ gòkè lásìkò òjò máa ń gba ìdí ògiri lọ gbọọrọ, kì í sábà ga ju bíi mítà kan lọ, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì máa ń hù lójú rẹ̀. Ti páìpù máa ń ní àárín tó tutù jù, á rí rogodo, ó sì lè wà lókè níbi tí omi ilẹ̀ kò lè dé. Bí òjò kò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tí ìlà rẹ ṣì ń fẹ̀, ó ti sọ fún ọ. Bí ọyẹ́ oṣù kìíní bá dé tí ètè gbogbo wa ń sán, tí ògiri yẹn ṣì tutù, kì í ṣe òjò mọ́.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá èémí rẹ àti oúnjẹ tí o ń sè nínú yàrá ló ń rin ín, fi ọ̀rá kan lé ibi tó tutù lórí, lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pa, kí o wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Omi tó bá ṣẹ́ sí inú ọ̀rá, láti ara ògiri ló ti wá. Èyí tó bá ṣẹ́ sí ìta, afẹ́fẹ́ yàrá ló ni ín, ṣí fèrèsé.

Ya àwòrán àwọn ìlà rẹ, kí o sì fi ìkúnlẹ̀ bá bàbá onílé sọ̀rọ̀. Má bá a jiyàn nípa òjò, fi déètì hàn án. Omi rẹ̀ ló ń dànù, ògiri rẹ̀ ló ń rà. Wo ìwé àdéhùn ilé rẹ kí o mọ ohun tó sọ nípa àtúnṣe kí o tó dá owó tìrẹ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, páìpù inú àgbàlá mi là lábẹ́ ilẹ̀. Mo ti fi rọ́bà táyà so ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún ń jò. Ilẹ̀ le lápá méjèèjì, páìpù kò ṣeé fà síhìn-ín sọ́hùn-ún. — Oníṣòwò kan, Yaba, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá mi, rọ́bà kò lè mú un pẹ́ títí, ẹ gé ibi tó là kúrò. Ẹ fi ayùn irin gé e gún régé, kí ẹ kọjá ibi tó là díẹ̀ lápá méjèèjì, nítorí ìlà rẹ̀ sábà máa ń gùn ju ohun tí ojú rí lọ. Ẹ ra páìpù tuntun kan tó bá àlàfo náà mu àti sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, òrùka kékeré kan máa ń wà láàárín tí kì í jẹ́ kí páìpù kọjá. Ẹ fi fáìlì ha á kúrò nínú méjèèjì. Báyìí, sọ́kẹ́ẹ̀tì á lè yọ́ wọ orí páìpù àtijọ́ pátápátá, ẹ ó gbé páìpù tuntun sáàárín, ẹ ó sì fa sọ́kẹ́ẹ̀tì padà bọ ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sára páìpù ṣáájú, kí ẹ lè mọ̀ pé àárín ló dúró sí, nítorí gọ́ọ̀mù kì í fún ènìyàn láyè láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ gbọ́n kòtò náà gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha ojú páìpù, ẹ nù ún kó gbẹ táútáú. Orí omi ni gọ́ọ̀mù ti ń já jù. Ẹ fi gọ́ọ̀mù ra páìpù àti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fà á dé ojú àmì, ẹ yí i díẹ̀, ẹ dì í mú bíi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣí omi lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ṣí i, ẹ fi bébà ìwé ìròyìn gbígbẹ tẹ́ abẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì, kí ẹ padà wò ó nírọ̀lẹ́. Bí bébà bá gbẹ, ẹ fi iyanrìn tí kò ní òkúta yí páìpù ká kí ẹ tó da erùpẹ̀ lé e, torí òkúta ilẹ̀ wa ló sábà máa ń la páìpù bí mọ́tò bá gorí rẹ̀.