Èsì: Ṣé eré sísá ń dí ẹ̀kọ́ ọmọdé lọ́wọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè bóyá eré tí ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́rin ń sá kiri kò ní dí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò ní dí i rárá. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa fi ó kéré tán 180 ìṣẹ́jú ṣeré ìdárayá lójúmọ́, kí ó kéré tán 60 nínú rẹ̀ sì jẹ́ eré tó lágbára níwọ̀ntúnwọ̀nsì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo bojúbojú: ọmọ tó dijú gbọ́dọ̀ kó ara rẹ̀ níjàánu títí àwọn yòókù yóò fi sá pamọ́ tán, kí ó sì rántí ibi tó ti gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ wọn, ìkóra-ẹni-níjàánu àti ìrántí yìí náà ni yóò lò nídìí ìwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó sáré dáadáa kí ẹ tó pè é jókòó.