Dráífà mi ń wọ́ lọ sápá ọ̀tún, wọ́n ní mi kì í rìlíìsì ọwọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì wa. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbá gọ́ọ̀fù, ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí, gbogbo bọ́ọ̀lù tí mo bá fi dráífà (igi gọ́ọ̀fù tó gùn jù, tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sọ́nà jíjìn) gbá ló ń wọ́ lọ sápá ọ̀tún. Wọ́n ní mi kì í rìlíìsì ọwọ́, ìyẹn ni pé mi kì í jẹ́ kí ọwọ́ yí bí igi bá ń kan bọ́ọ̀lù, mo wá ń fi agbára yí ọrùn ọwọ́ mi, ló bá tún ń já sósì. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?

Ìdáhùn: Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ò purọ́, kò kàn sọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ọrùn ọwọ́ kọ́ ló ń yí o, apá ni, láti ìgúnpá wá sílẹ̀. Ẹ na ọwọ́ òsì síwájú báyìí kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọlẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí i títí tó fi máa kọjú sókè. Ṣé ẹ rí i pé ìgúnpá ò kúrò níbi tó wà? Ohun tí apá òsì ń ṣe nìyẹn bí igi bá ń kọjá lára bọ́ọ̀lù, tọ̀tún á máa ṣe òdìkejì ẹ̀, bí ẹni tó ń da omi inú abọ́ nù sápá òsì. Tí ò bá ti yí, ojú igi, ibi tó ń kan bọ́ọ̀lù, á ṣí sílẹ̀ sápá ọ̀tún, bọ́ọ̀lù á gba ọ̀tún lọ.

Kí ló wá ń dá a dúró? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń di igi mú bí ẹni fẹ́ pa ejò, apá á le gan, kò ní lè yí mọ́. Èmi náà ṣe é fún ọdún méjì, igi tuntun ni mò ń rà kiri! Ẹ wo ọwọ́ òsì yín náà: tẹ́ ẹ bá dúró síwájú bọ́ọ̀lù, ó yẹ kẹ́ ẹ rí oríkèé ìka méjì sí mẹ́ta, tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ rí, ẹ kọ́kọ́ tún ìdìmú yẹn ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú áyọ́ọ̀nù 8, igi onírin tó kúrú ju dráífà lọ, ẹ jẹ́ kẹ́sẹ̀ méjèèjì súnmọ́ra, kẹ́ ẹ ya ọwọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ lórí igi bí ìka mẹ́rin. Ẹ fì í láti ìbàdí dé ìbàdí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ dúró níbi tó parí sí. Ṣóńṣó orí igi ló yẹ kó wo òkè. Tó bá jẹ́ ojú igi gan-an ló ń wo òkè, apá ò tíì yí. Tó bá ń wo ilẹ̀, ẹ ti yí i kọjá. Ìgúnpá òsì ò sì gbọdọ̀ yọ síta bí ìyẹ́ adìyẹ.

Èyí tó ń já sósì yẹn, ara yín ló dúró tí ọwọ́ nìkan wá ń sáré. Ẹ jẹ́ kí ìdodo yín máa yí títí táá fi kọjú síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ọwọ́ á tẹ̀ lé e fúnra ẹ̀.

Ẹ ṣe ogún láìsí bọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ tó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Tí èyí tẹ́ ẹ gbá bá bẹ̀rẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀ tó sì yí padà wá sáàárín, ó ti ń wọlé nìyẹn. Dráífà yẹn, ẹ fi sínú báàgì ná.