Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ètùtù

Ọmọbìnrin kan bi mí pé kí ni ìtumọ̀ fídíò tí wọ́n ti da ẹní bo Jacinda Ardern lórí nígbà tó ń ṣe olórí ìjọba New Zealand. Ó ní olóòtú rédíò kan ti sọ pé ètùtù ni wọ́n ń ṣe fún un kí ipò má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ètùtù kẹ̀! Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé èèyàn, ṣé kò lè dákẹ́ ni?

Ifoga ni wọ́n ń pè é. Àṣà ìtọrọ àforíjì àwọn ará Samoa, erékùṣù kan ní Pàsífíìkì, ni. Ọdún méje ni mo fi gbé Auckland, ará Samoa ló wà nílé kejì sí mi, mo sì ti fọwọ́ kan irú ẹní náà. ʻIe tōga lorúkọ rẹ̀. Ẹ má fi í wé ẹní tí à ń tẹ́ sùn. Ewé pandanus tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń hun ún, ó sì lè gba oṣù gbọọrọ. Ó rọ̀ bí aṣọ àgbà tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, ìyẹ́ pupa sì wà létí rẹ̀.

Àmọ́ ẹní kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Bí ọmọ kan bá pààyàn, matai, ìyẹn olórí ẹbí, á kó ẹbí sẹ́yìn ní ìdájí, wọ́n á lọ jókòó síwájú ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, wọ́n á fi ẹní borí. Láyé àtijọ́, wọ́n á gbé igi ìdáná, òkúta àti ewé dání, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń yan oúnjẹ. Ìyẹn ni pé, àwa rèé, bó bá wù yín, ẹ yan wá. Onílé lè yọ àdá sí wọn. Bó bá sì gbà, òun ni yóò jáde wá ká ẹní náà.

Ẹ rí i, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀. Láàárín 1974 sí 1976, ọlọ́pàá New Zealand ń já wọ ilé àwọn ará erékùṣù Pàsífíìkì, wọ́n ń wá ẹni tí físà rẹ̀ ti parí. Ìdájí kan náà tí àwọn èèyàn yìí fi ń lọ bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá ilẹ̀kùn wọn. 1980 ni wọ́n bí Ardern. Àwọn kan ní kí ló wá kàn án. Ó kàn án! Ẹni tó jókòó sórí àga ló jogún gbèsè rẹ̀.

Gbèsè ọ̀hún ti pẹ́. Ní November 7, 1918, ọkọ̀ ojú omi Talune gbé àrùn influenza láti Auckland wọ Apia, olú ìlú Samoa tó wà lábẹ́ New Zealand nígbà náà, àwọn aláṣẹ New Zealand kò sé e mọ́. Nǹkan bí 8,500 èèyàn kú, bí ìdá kan nínú márùn-ún. Samoa ti Amẹ́ríkà tó wà nítòsí ti èbúté rẹ̀ pa, kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀. Ní December 28, 1929, ọlọ́pàá New Zealand yìnbọn sí ìwọ́de ẹgbẹ́ Mau, àwọn tó ń jà fún òmìnira Samoa. Tupua Tamasese Lealofi III, olórí ẹgbẹ́ náà, ń bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n fara balẹ̀ nígbà tí ìbọn bà á. Samoa gbòmìnira ní 1962. Ọdún 2002 ni Helen Clark, olórí ìjọba New Zealand nígbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tọrọ àforíjì ní Apia.

Àwa náà mọ irú ẹ̀ rí: bàbá á kó ẹbí sẹ́yìn, á lọ dọ̀bálẹ̀ nítorí ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe. Ní báyìí, WhatsApp ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀.

Ní August 1, 2021, ní gbọ̀ngàn ìlú Auckland, níbi tí Ardern ti lọ tọrọ àforíjì nítorí ilé tí ọlọ́pàá já wọ̀ nídàájí yẹn, àwọn ọmọ Pàsífíìkì ló da ẹní bò ó. Òun kọ́ ló ṣí i lórí ara rẹ̀. Ẹ padà lọ wo fídíò yẹn, ọwọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ ni kí ẹ máa wò.